Àlejò Di Ọlọ́jọ́: Ọdún Òmìnira Benin ní Òkè-Afá

Ìgbà tí wọ́n tú àsíá náà sílẹ̀ láàárín ilé méjì ní Jakande Estate, Òkè-Afá ní Ìsọlọ̀, ni ariwo ta. Pupa ni télọ̀ rán sókè, ó wá fi ìyeyè sísàlẹ̀. Àsíá orílẹ̀-èdè Benin ò rí bẹ́ẹ̀: àwọ̀ ewé máa ń dúró lóòró lẹ́bàá ọ̀pá, ìyeyè a wà lókè, pupa a wà nísàlẹ̀.

Àwọn kan ní kí wọ́n tú u, kí wọ́n tún un rán. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n kúkú gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò mọ̀ ọ́n ní Èkó? Ọkùnrin kan tó ń lẹ táìsì ní Okota ló dìde. Ó di igun méjì aṣọ náà mú, ó fi òkè ṣe ìsàlẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ṣe iwájú. Àsíá bọ́ sípò. Ó ní, "Iṣẹ́ táìsì náà ni," ó sì padà sídìí àga rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni, oṣù kẹjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, òjò sì ti fún Èkó láyè díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe kó tó tún gbára dì nínú oṣù kẹsàn-án. Kánópì méjì ni wọ́n ta. Àga oníke tí wọ́n háyà wà lọ́tùn-ún lósì. Obìnrin mẹ́ta ló dúró ti ìkòkò: ọ̀kan ń fi èdè Ẹ̀gùn pàṣẹ, èkejì ń fi Yorùbá dá a lóhùn, ẹ̀kẹta ń fi Faransé bá ọmọ rẹ̀ wí.

Nígbà tí ọkọ̀ kan já àwọn àlejò sílẹ̀ lójú títì, ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn, gbogbo ìjókòó dìde. Ìdọ̀bálẹ̀ ń lọ, ìkúnlẹ̀ ń lọ. "Ẹ kú ọ̀nà o! Ẹ kú ewu Sẹ̀mẹ̀!" Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà ẹnubodè yẹn rí kò ní bèèrè ewu tí wọ́n ń wí.

Ọjọ́ ọdún nílé, ọjọ́ iṣẹ́ ní Èkó

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960 ni Dàhòmì, bí wọ́n ṣe ń pe Benin nígbà náà, gba òmìnira lọ́wọ́ ilẹ̀ Faransé. Hubert Maga ló di ààrẹ àkọ́kọ́. Ọdún ọ̀hún kún fún òmìnira. Tógò ti gba tiẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn Dàhòmì ni Niger gba tiẹ̀. Upper Volta, tó di Burkina Faso lónìí, gba tiẹ̀ ní ọjọ́ 5, Ivory Coast ní ọjọ́ 7. Nàìjíríà dúró di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá. Oṣù méjì géérégé ni Dàhòmì fi ṣe ẹ̀gbọ́n wa.

Mathieu Kérékou, ológun tó gbàjọba ní 1972, ló yí orúkọ orílẹ̀-èdè náà padà sí Benin ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975. Àsíá náà yí padà: ó di àwọ̀ ewé látòkè délẹ̀, pẹ̀lú ìràwọ̀ pupa kan ní igun. Ọdún 1990 ni aláwọ̀ mẹ́ta ti àtijọ́ tó padà dé. Ìdí nìyí tí bàbá kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún fi ń fi àwọn ọ̀dọ́ ṣẹ̀fẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jà lórí ibi tí pupa yẹ kó wà. Ó ní àsíá tí àwọn ń kí nílé ìwé nígbà tòun kọ́ nìyẹn, pé tàwọn ní ìràwọ̀.

Ní Benin, ìsinmi ni ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ. Àwọn ológun a yan níwájú ààrẹ, ìdílé a jókòó ti oúnjẹ. Ní Òkè-Afá, ọjọ́ iṣẹ́ ni. Ẹni tó ń kọ́lé kì í ka òmìnira ẹlòmíràn mọ́ ọjọ́ tó yẹ kí iṣẹ́ dúró. Ìyá tó gba ọmọ ọ̀dọ̀ kò mọ̀ pé ọjọ́ kan wà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ọjọ́ náà bá bọ́ sí Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀, wọn a sún un di Ọjọ́ Àìkú tó bá tẹ̀ lé e.

"Òmìnira wa ń dúró de ọ̀gá." Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà ló sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Ọwọ́ tó tún ilé ṣe

Láàárín ọdún 1979 sí 1983, nígbà ìjọba Lateef Jakande, ni wọ́n kọ́ àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú káàkiri Ìpínlẹ̀ Èkó. Èyí tó wà ní Òkè-Afá wà lára wọn. Ilé mẹ̀kúnnù ni, kò sí ọ̀ṣọ́ lára rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí owó bá ti wọlé fún onílé kan, yóò fọ́ ilẹ̀ onísìmẹ́ńtì, yóò lẹ táìsì. Yóò yọ sílìǹgì àtijọ́, yóò ṣe POP. Ta ni wọ́n sì ń wá lọ? Ọmọ Kútọnu. Orúkọ tí Èkó sọ gbogbo ọmọ Benin nìyẹn, ìbáà jẹ́ abúlé ló ti wá.

Kọ́ńtírátọ̀ kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ilé ní Ìsọlọ̀ ní òun kì í gbé táìsì fún ẹlòmíràn. "Bó o bá gbé mábù sórí ilẹ̀ tí wọ́n lẹ̀, ibi tó o gbé e sí ló máa wà." Ó ní wọ́n máa ń kọ́ṣẹ́ dópin lábẹ́ ọ̀gá kí wọ́n tó dá dúró. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ń kùn. Wọ́n ní àjèjì ń gba iṣẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ó wá bi wọ́n pé mélòó nínú wọn ló ṣe tán láti kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì láti àárọ̀ dalẹ́.

Ti àwọn obìnrin tún yàtọ̀. Àwọn obìnrin Benin àti Tógò ló fi ẹ̀wà àgànyìn mọ Èkó. Ọ̀kan nínú wọn, tó máa ń kiri ẹ̀wà náà ní Òkè-Afá, ló ń dáná ọjọ́ náà, ó sì jẹ́ ká dúró ti òun. Epo pupa ló kọ́kọ́ gbé kaná, ó sì ń wò ó títí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí. Àlùbọ́sà tẹ̀ lé e. Ó dín in títí ó fi dúdú bí èédú. Ìgbà yẹn ló tó da ata gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ láìkúnná sí i. Ọmọ àdúgbò kan tó ń wò ó pariwo pé àlùbọ́sà ti jó. Ìyá náà kò gbójú sókè. Ó ní ẹni tó bá ń bẹ̀rù kó jó kò lè se ọbẹ̀ àgànyìn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó kọjá ààlà ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Ní 2003, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọdé Benin kúrò níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní agbègbè Abẹ́òkúta, wọ́n dá wọn padà sílé. Ọdún yẹn náà ni Nàìjíríà dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ láti gbógun ti àwọn tó ń fi ọmọ èèyàn ṣòwò. Ní 2005, ìjọba orílẹ̀-èdè méjèèjì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ náà.

Obìnrin kan tó jẹ́ aránṣọ lónìí sọ pé ọmọdé lòun nígbà tí wọ́n mú òun wá sílé kan gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀. Owó oṣù rẹ̀ ń lọ sọ́wọ́ ẹni tó mú un wá. Kò mọ̀ pé orílẹ̀-èdè òun ní ọjọ́ òmìnira kankan títí ó fi bọ́ níbẹ̀, tó kọ́ṣẹ́ tán, tí àwọn ará ilé ránṣẹ́ pè é wá jẹun. Lọ́dọọdún báyìí, òun ló ń rán aṣọ àwọn ọmọdé. Ó bẹ̀ wá pé ká kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kọ́ lòun rán àsíá ọdún yìí o.

Ààlà tó gba àárín agbo ilé

Apá kan nínú àwọn àlejò ọjọ́ náà kò nílò ògbufọ̀. Yorùbá Kétu ló wà lẹ́nu wọn, àwọn aládùúgbò sì ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ èdè ìyá àgbà.

Ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ibi tí ilẹ̀ kálukú yóò pin sí. Wọn ò bi Alákétu, ọba Kétu, wọn ò bi ẹnikẹ́ni tó ní oko níbẹ̀. Kétu, Sakẹ́tẹ́, Pọ́bẹ̀ àti Ṣábẹ̀ẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tó jẹ́ ọmọ ìyá Kétu, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Títí dòní, ààfin Alákétu, ọ̀kan nínú àwọn ọba tí ìtàn so mọ́ Odùduwà, wà ní ilẹ̀ Benin. Nígbà tí àjọ UNESCO fi ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sára ogún àjùmọ̀ní ọmọ aráyé, orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni wọ́n kọ ọ́ mọ́: Benin, Nàìjíríà àti Tógò.

Olùkọ́ ìtàn kan ní yunifásítì rán wa létí apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Dàhòmì tí a ń ṣọdún òmìnira rẹ̀ yìí, ọ̀tá Yorùbá ni nígbà kan. Ọmọ ogun rẹ̀ kọlu Abẹ́òkúta ní 1851, wọ́n tún padà wá ní 1864. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Ẹ̀gbá lé wọn. Kétu ò ríbi sá sí. Ní 1886, Dàhòmì fọ́ ìlú náà, wọ́n sì kó èèyàn rẹ̀ lẹ́rú. Láàárín ọdún mẹ́wàá, Faransé ti ṣẹ́gun Dàhòmì fúnra rẹ̀, ó sì kó ẹni tó kóni àti ẹni tí wọ́n kó sábẹ́ àsíá kan ṣoṣo.

A gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ọmọ Kétu kan tó jókòó ti ọmọ Fọ̀n, àwo kan náà láàárín wọn. Ó ní: "Ogun àwọn bàbá nìyẹn. Èmi àti èyí la jọ ń po símẹ́ńtì."

Ẹ kú ewu Sẹ̀mẹ̀

Èkó yìí gan-an ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé tó dá ECOWAS sílẹ̀, ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975. Àdéhùn mìíràn tẹ̀ lé e ní 1979: ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ èkejì láìgba físà, kó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ níbẹ̀, bí ìwé ìrìnnà rẹ̀ bá ti pé. Bó ṣe wà nínú ìwé, ẹni tó kúrò ní Kútọnu láàárọ̀ yẹ kó jẹun ọ̀sán ní Òkè-Afá.

Ojú ọ̀nà ní ìwé tirẹ̀. Láti Sẹ̀mẹ̀ dé Àgbádárìgì, láti Àgbádárìgì dé Mile 2, igi ìdènà kan ò jìnnà sí èkejì. Ìyá kan tó wá kí ọmọ rẹ̀ ní òun ti ṣẹ́ owó sí wẹ́wẹ́ kóun tó kúrò nílé, òun sì fi í sápò ọ̀tọ̀, ti Náírà lọ́tùn-ún, ti séfà lósì. Káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́, kò sí àbùkù lára rẹ̀. Ó ní àwọn tó dá ọkọ̀ dúró kò wo káàdì, ọwọ́ òun ni wọ́n ń wò.

Ilẹ̀kùn náà sì ti tì rí. Nínú oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari pàṣẹ kí àwọn àjèjì tí kò níwèé máa lọ. Ará Ghana ni ọ̀rọ̀ náà mọ́ lórí, débi pé orúkọ wọn ni a fi ń pe àpò tí a fi ń kó ẹrù, ṣùgbọ́n ọmọ Benin wà lára àwọn tó di ẹrù lọ́dún náà. Ìjọba ológun Buhari ti ààlà ní 1984. Ọbásanjọ́ tì í fún ọjọ́ díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ ọdún 2003, lórí ọ̀rọ̀ àwọn olè tó ń jí ọkọ̀ kó kọjá. Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni Buhari, tó ti di alágbádá, tún tì í nítorí fàyàwọ́ ìrẹsì àti epo, kò sì ṣí Sẹ̀mẹ̀ títí di oṣù kejìlá ọdún 2020.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ọjọ́ tí òmìnira Benin pé ọgọ́ta ọdún, ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2020, bọ́ sí àárín ìgbà tí ọ̀nà tì yìí, àrùn Kòrónà sì tún wà nílẹ̀. Àwọn ará Òkè-Afá ní fóònù làwọn fi kí ara àwọn lọ́dún náà. Ẹni tó ti ń fowó pamọ́ láti gba àlejò fi owó náà san owó ilé.

Ohun tó wà nínú ìkòkò

Ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n jọ sè ló kọ́kọ́ jáde. Atassi ni wọ́n ń pè é. Àkàsà tẹ̀ lé e nínú ewé, pẹ̀lú ẹja díndín àti ata tútù tí wọ́n gún, kì í ṣe èyí tí wọ́n lọ̀. Àlejò kan gbé wàgásì wá láti ilé. Ọmọ Yorùbá tó bá tọ́ ọ wò yóò mọ̀ pé wàrà Fúlàní ni, àfi pé wọ́n ti fi poroporo ọkà bàbà pa ẹ̀yìn rẹ̀ láró pupa. Fún àwọn àgbà, ìgò sódàbí wà lábẹ́ tábìlì. Ẹni tó bá mọ ògógóró mọ̀ ọ́n.

Aládùúgbò kan láti ilé òkè gbé kúlà ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wá. Ìyá tó ń se ẹ̀wà ṣí i, ó tọ́ ọ wò, ó ní ó dùn, ṣùgbọ́n lọ́dún tó ń bọ̀ kí wọ́n jẹ́ kóun bá wọn sè é.

Orin náà kì í ṣe ti ilẹ̀ kan. Orin Angélique Kidjo ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ouidah ní Benin ni wọ́n bí i sí nínú oṣù keje ọdún 1960, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ṣáájú òmìnira, ọmọ Yorùbá sì ni ìyá rẹ̀. Kò pẹ́ tí fújì fi gba ojú agbo. Àwọn àlejò láti Kútọnu ló mọ ọ̀rọ̀ orin náà ju àwọn ọmọ Ìsọlọ̀ lọ.

Kí ló wà nídìí rẹ̀?

Ó rọrùn láti sọ pé ìfẹ́ ilẹ̀ baba ni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lọ́jọ́ náà, a ò gbọ́ orúkọ ààrẹ kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ìjọba ju ti igi ìdènà lọ. Ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ ni iye àlejò tí kálukú gbà, ẹni tó sùn sílé ta, ẹni tó ra ewúrẹ́.

Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta, àlejò ni ọmọ Kútọnu ní Òkè-Afá. Ilé onílé ló ń tún ṣe, ọmọ ọlọ́mọ ló ń gbé pọ̀n. Kì í ṣe òun ló ń sọ pé kéèyàn jókòó. Wọ́n ń sọ fún un pé kó dìde. Yorùbá sì mọ̀ pé iyì wà nínú kéèyàn gba àlejò, kó pèsè àga, kó bu omi, kó sọ pé ilé yín nìyí. Ọjọ́ òmìnira ni ọjọ́ tí ọmọ Kútọnu ń rí ìyẹn ṣe. Ìdí nìyí tí kò fi lè jẹ́ inú yàrá: yàrá kan tí èèyàn mẹ́rin ń sùn kò ṣeé gba àlejò sí. Gbangba nìkan ni ilé tí wọ́n ní tó gbàlejò.

Èkó ti ṣe ọdún onílẹ̀ òkèèrè ní gbangba rí. Láyé Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún, ọjọ́ ìbí Ọbabìnrin Victoria, ni wọ́n ń kó ọmọ ilé ìwé jáde láti yan nítorí Empire Day. Ọlọ́jọ́ nígbà náà ni ẹni tó dúró lórí pèpéle. Àwọn tó ń yan kò gba àlejò kankan. Ti Òkè-Afá yàtọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó pàṣẹ rẹ̀.

Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Lóṣù kẹwàá ọdọọdún, ọmọ Nàìjíríà a tú jáde sí ìgboro New York pẹ̀lú àsíá àti aṣọ ẹbí; àwọn ti London náà kì í gbẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí wọ́n bá wà nílé lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá, oorun ni wọn ì bá fi ọjọ́ náà sùn. Ní Òkè-Afá, ẹ lọ wo ọjọ́ òmìnira tiwa: ilé ìwé tì, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹnikẹ́ni ò ta kánópì. Onílé kì í sábà rántí pé òun nílé. Ẹni tó wà lẹ́yìn odi ló ń rántí.

Ọjọ́ tó jẹ́ ti àdúgbò

Kì í ṣe gbogbo aládùúgbò ni inú rẹ̀ dùn. Bàbá kan ní ariwo ẹ̀rọ gbohùngbohùn náà ti pọ̀ jù, pé wọ́n gbé àga dí ibi tí òun ń gbé ọkọ̀ sí. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lo ibi tó jẹ́ ti gbogbo èèyàn yẹ kó kọ́kọ́ rí àwọn olórí àdúgbò, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kí orin dákẹ́. Àwọn tó ṣètò ọjọ́ náà ní àwọn ṣe bẹ́ẹ̀. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n fún wọn, wọ́n sì pa orin ní aago mẹ́jọ.

Ẹlòmíràn tó ti ń gbé níbẹ̀ tipẹ́ gbé e gba ọ̀nà mìíràn. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo Nàìjíríà fi mọ Òkè-Afá: ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, nígbà tí ohun ìjà bú gbàmù ní bárékè Ìkẹjà, tí àwọn èèyàn ń sá lóru, tí ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ wọn sì kú sínú odò Òkè-Afá. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń rántí wọn níbi ibojì tó wà ládùúgbò. Ó ní òkú ò yan ìlú lọ́jọ́ náà. "Bí ọjọ́ tó jẹ́ tiwa bá jẹ́ ti ẹkún, ẹ jẹ́ ká bá àwọn tó ní ti ẹ̀rín jókòó."

Ìmọ̀ràn wa ò le. Ìjọba Nàìjíríà àti ti Benin ti kọ àádọ́rùn-ún ọjọ́ sínú ìwé láti 1979. Kí wọ́n mú igi kúrò lójú ọ̀nà kí ìwé náà lè rìn. Ọ̀gá tó ní ọmọ Kútọnu lọ́dọ̀ kò ní láti dúró de ìjọba ní tirẹ̀. Kó fún un ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ gan-an, kó má yọ owó rẹ̀, bí wọ́n bá sì pè é síbẹ̀, kó lọ. Kó jókòó sórí àga tí wọ́n bá fún un, kó jẹ́ kí wọ́n bu oúnjẹ fún òun.